Ohun Tó Mú Mi Pẹ́ Lórí Yìnyín

Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé họ́kì orí yìnyín ni mo fi jẹun látìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé o dé NHL?" NHL ni líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ pè mí lókè lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí orúnkún ń dun ọ̀kan nínú àwọn dìfẹ́ńdà wọn. Mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ ńlá, orúkọ mi hàn gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀, mo bá wọn jáde lọ na ara. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olórúnkún ní ara òun ti yá. Òkè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníròyìn, ni mo ti wo eré náà, gúgúrú lọ́wọ́ mi. Fọ́tò ìnara yẹn wà ní pálọ̀ bàbá mi títí dòní, kò sì sí àlejò tí wọn kì í fi hàn. Wọn kì í dárúkọ gúgúrú.

Yàtọ̀ sí alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́: AHL, líìgì tó tẹ̀ lé NHL, ECHL tó tún rẹlẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà Jámánì, Slovakia fún ìgbà díẹ̀, kí n tó wá parí rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2025. Àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ń gbá họ́kì máa ń wá mi kàn, bí ọmọ ṣe máa wọlé ni gbogbo wọn sì ń béèrè. Kò tíì sí ẹni tó bi mí bí èèyàn ṣe ń pẹ́ níbẹ̀. Ní tèmi o, ọ̀tọ̀ ni ohun tó mú mi wọlé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lé mi jáde. Eré sísá àti góòlù ló mú mi wọlé. Iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ni mo fi pẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí a kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Brampton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wíàháòsì. Níléèwé tí wọ́n fi mí sí, họ́kì ni àwọn ọmọkùnrin ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tí kò bá sì gbá a kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi kò ka eré náà sí nǹkan kan títí di oṣù Kejì ọdún 2002, nígbà tí Kánádà na Amẹ́ríkà ní 5 sí 2 ní Salt Lake City, tí wọ́n gba wúrà Òlíḿpíìkì tí wọn ò rí gbà fún 50 ọdún. Jarome Iginla, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ló gbá méjì wọlé nínú márùn-ún yẹn. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Bàbá mi fi fóònù jí àwọn ẹbí wa ní Ìbàdàn, àwọn tí kò mọ ohun tí họ́kì ń jẹ́, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn yọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dárúkọ owó họ́kì, wọ́n á wá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lápò.

Nígbà tí mo ń lọ sí ọmọ ọdún 16, ẹgbẹ́ kan ní OHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ tó ga jù ní Ontario, yàn mí. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó bá ti gbá irú líìgì bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ láti gbá họ́kì fún yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ náà ní owó díẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan láàárín wọn sì ti bá ẹgbẹ́ NHL fọwọ́ síwèé, nítorí náà NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, ka gbogbo wọn sí ẹni tó ń gbá a fún owó. Màmá mi gbọ́ àlàyé yìí tán, wọ́n ní, "Eegun lè ṣẹ́, ìwé kì í ṣẹ́." Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Mo lọ sí líìgì tó rẹlẹ̀ sí i, níbi tí wọn kì í ti í fúnni ní kọ́bọ̀, mo sì dúró níbẹ̀ títí mo fi pé 20 ọdún kí yunifásítì tó mú mi. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé mo pẹ́.

Òfin yẹn ti yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni NCAA dìbò pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọmọ tó ti gbá OHL àti àwọn líìgì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè wọ yunifásítì. Inú mi dùn sí i fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí kò dáa kí ọmọ ọdún 15 máa yan ohun tí kò lè yí padà. Ṣùgbọ́n àyè inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ bíi tèmi, tí kò lókìkí, tó ń ti líìgì kékeré bọ̀, ni àyè máa kọ́kọ́ há mọ́.

Yunifásítì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston. Níbẹ̀, ní ọjọ́ Ajé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ju Beanpot lọ, ìdíje Harvard, Northeastern, Boston College àti Boston University. Tiwa kò sí níbẹ̀, ìlara ló kù fún wa. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni a máa ń gbá tiwa. Àwọn ọjọ́ yòókù, ìwé ni, ìdánrawò ni, irin gbígbé ni. Mo kọ́ ìmọ̀ ìṣírò owó, torí pé màmá mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ eré ìdárayá. Lórí yìnyín, èmi ni ọ̀gá. Dìfẹ́ńdà tó ń gbé pọ́ọ̀kì, róbà pẹlẹbẹ tí a ń gbá, láti ẹ̀yìn lọ síwájú ni mí, tó ń pín in fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń gbá góòlù láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń dènà, torí pé ọwọ́ wa ni pọ́ọ̀kì sábà máa ń wà.

Oṣù Kẹta tí eré wa parí ní ọdún tó kẹ́yìn, oṣù yẹn náà ni ẹgbẹ́ AHL kan pè mí. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ àwọn iṣẹ́ àṣekágbá mi, tí mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ sáwọn olùkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìpàgọ́ ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kóòṣì pè mí sí ọ́fíìsì. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe yẹn, mo ní àwọn tó ń ṣe é jù ọ́ lọ. Kí ni nǹkan mìíràn tí o lè ṣe?" N kò ní ìdáhùn. Gbogbo wa tó wà ní ìpàgọ́ yẹn la ti jẹ́ ọ̀gá níléèwé wa, ọ̀gá sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó fà mí lé dìfẹ́ńdà àgbà kan lọ́wọ́, ẹni tí irun ti fẹ́ tán lórí rẹ̀, tí n kò rí i kó gbá góòlù kan ní gbogbo ìgbà tá a jọ wà.

Iṣẹ́ tí àgbà yẹn kọ́ mi kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú họ́kì, ẹni tó bá ṣẹ̀ máa lọ jókòó sínú àpótí fún ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fi èèyàn mẹ́rin kojú márùn-ún. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo fi jẹun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa sáré lé pọ́ọ̀kì kiri títí èémí rẹ̀ á fi tán. Àgbà ní kí n má lé nǹkan kan. Ó ní kí ọ̀pá mi máa wà nílẹ̀, lójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi pọ́ọ̀kì gbà la àárín kọjá, kí ara mi wà láàárín ẹni tó ní in lọ́wọ́ àti aṣọ́lé wa, kí ojú mi má sì sí lára pọ́ọ̀kì rárá. Ìbàdí onítọ̀hún ni kí n máa wò. Ọwọ́ lè díbọ́n, orí lè díbọ́n, ìbàdí kì í purọ́.

Bí onítọ̀hún bá wá fẹ́ gbá a lóòótọ́, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló ti ṣòro jù. Pọ́ọ̀kì jẹ́ róbà líle tó wúwo tó nǹkan bíi 170 gíráàmù, inú yìnyín ni wọ́n sì ń fi í sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó má baà máa ta pọ́npọ́n. Ẹni tó lágbára lè gbá a kó sáré ju 160 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ara tó gbọ́n á fẹ́ fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí o bá fà sẹ́yìn, pọ́ọ̀kì ti ráyè gbéra sókè, ojú tàbí ọrùn ló ń bọ̀ wá bá. Bí o bá wà nítòsí, ojúgun ló máa bà, ojúgun sì ní ìbòrí. Má tètè kúnlẹ̀, torí á kàn yí ọ ká ni. Má ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, torí inú ọrùn ẹsẹ̀ kò ní ìbòrí tó gidi. Ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì ló fi èyí tó kẹ́yìn yìí yé mi, ó sì gbé mi jókòó láti Kérésìmesì títí òtútù fi tán.

Àwọn tó wà lórí ìjókòó kò rí nǹkan tí mo ń ṣe. Aṣọ́lé ló kọ́kọ́ rí i. Aṣọ́lé wa lọ bá kóòṣì pé bí ẹnì kan wa bá ti lọ sínú àpótí, èmi ni kí wọ́n fi síwájú òun. Lẹ́yìn èyí, wọn kò fi orúkọ mi ṣeré mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé àwọn tí yóò gbá. Mo sì wá ń kíyè sí ohun kan: àwọn agbóòlùwọlé tí a jọ wọlé ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí góòlù bá gbẹ lọ́wọ́ wọn fún oṣù kan péré, gbogbo ìlú ló mọ̀, ẹlòmíràn tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi kò gbẹ, torí pé kò sẹ́ni tó ń retí omi níbẹ̀.

N kò ní kí ẹ rò pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, àwọn olówó NHL ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbá-họ́kì wọn nítorí àdéhùn owó, ó sì di oṣù Kìíní ọdún 2013 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá wà lókè wá kún AHL, wọ́n sì dá irú wa padà sí ECHL. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń gba ilé fún wa, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí owó yẹn kò lè gba ilé. A lè gbá ní ọjọ́ Ẹtì, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ní ìlú mẹ́ta, kí bọ́ọ̀sì jẹ́ yàrá wa láàárín wọn, pẹ̀lú òórùn ìbọ̀wọ́ tí kò rójú gbẹ. Ní sáà 2024 sí 2025, owó tó kéré jù fún agbá-họ́kì NHL jẹ́ 775,000 dọ́là lọ́dún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà nísàlẹ̀ kò fojú kan ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ní òun jẹ́ "pro" ní Amẹ́ríkà, ẹ má tíì fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí yóò kọ́lé fún ẹbí.

Ó yà mí lẹ́nu pé Jámánì ló ti rọ̀ mí lọ́rùn jù, torí ibẹ̀ ni kò yẹ kí irú mi rí iṣẹ́. Nínú DEL, líìgì tó ga jù ní Jámánì, nígbà tí mo wà níbẹ̀, àjèjì mẹ́sàn-án péré ni ẹgbẹ́ lè lò nínú eré kan, góòlù ni wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ àjèjì. Kóòṣì tó mú mi ní tirẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òun ń gbá góòlù tó, wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ pápá wọn fẹ̀ tó 30 mítà, ti NHL kò sì ju 26 lọ. Lójú olùwòran, mítà mẹ́rin kò tó nǹkan. Fún ẹni tó fi sísúnmọ́ni ṣiṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé ibi tó ti máa ń gbéra gbọ́dọ̀ yí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onítọ̀hún á ti gbá a kí o tó dé. Mo lo odidi sáà kan kí ẹsẹ̀ mi tó mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ ni mo wà ní oṣù Kẹta ọdún 2020 tí kòrónà fi dá líìgì náà dúró. Wọn ò gbá ìkẹyìn, kò sẹ́ni tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò ṣeé fò. Nígbà tí Akim Aliu, agbá-họ́kì tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, sọ síta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ohun tí kóòṣì kan sọ sí i nípa àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn funfun inú yàrá ìmúra wa ń ṣe háà. Àwa méjì dúdú tá a wà níbẹ̀ kàn wo ara wa. Mo ti gbọ́ tèmi, láti orí ìjókòó àti láti ẹnu ẹni tá a jọ ń gbá. Nígbà náà mo máa ń dákẹ́, kí wọ́n má baà ní mo ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọmọ bá bi mí lónìí, n kò ní ní kó dákẹ́. Kó sọ ọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo mọ̀ pé òpin ti ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹgbẹ́ fi ń wá èèyàn. Tẹ́lẹ̀, oṣù Karùn-ún ni ẹ́jẹ́ńtì mi máa ń pè mí pé iṣẹ́ ti wà. Ó wá di oṣù Keje. Nígbà tó yá, oṣù Kẹjọ ti ń tán lọ kí fóònù tó dún, ìlú tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n sì ń dárúkọ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìbàdí mi nígbà náà, ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ láàárọ̀ sì ti di iṣẹ́. Mo yan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ohun kan tí àwọn tó ń gbá họ́kì mọ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ní àjọṣe pẹ̀lú yunifásítì, tí èèyàn lè máa gbá, kó sì máa kàwé gba oyè kejì. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ìwé ló máa pè mí padà.

Níbẹ̀ ni mo wà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 nígbà tí irin bàtà gé Adam Johnson lọ́rùn nínú eré kan ní Sheffield, tó sì kú. Òun náà ti yunifásítì wá bíi tiwa, ní Minnesota Duluth. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wa ń wá ìbòrí ọrùn kiri, àwọn tó ti ń fi àwọn ọmọdé tó ń wọ̀ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ló ṣáájú. Kí ọdún tó parí, àjọ họ́kì àgbáyé ti sọ pé dandan ni yóò jẹ́ nínú àwọn ìdíje tiwọn. Ìyàwó mi kò ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kàn ra méjì, kí ọ̀kan máa wà lára mi bí èkejì bá wà nínú omi ìfọṣọ.

Kì í ṣe ìrora ló mú mi dúró o. Fídíò ni. Kóòṣì ń fi eré Sátidé tó kọjá hàn wá, mo sì rí ara mi: mo ń kúnlẹ̀ kí àkókò tó tó. Ìbàdí mi kò lè sún mọ́ni kíákíá mọ́, nítorí náà ó ń yára kúnlẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní pọ́ọ̀kì kàn yí mi ká. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tó ṣàkíyèsí, ṣùgbọ́n aṣọ́lé wa wò mí, èmi náà wò ó. Mo gbá èyí tó kù nínú sáà náà, mo sì sọ fún ẹ́jẹ́ńtì mi pé kó má wá nǹkan kan fún mi mọ́.

Ohun tó ṣòro lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo ń retí. N kò fi bẹ́ẹ̀ wá ariwo àwọn olùwòran tì. Ìwé kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá ìmúra ni mo wá tì, èyí tó ń sọ wákàtí tí bọ́ọ̀sì máa gbéra, wákàtí oúnjẹ, àwọ̀ aṣọ tí a máa wọ̀. Láti ọmọdé ni ẹnì kan ti ń ṣètò ọjọ́ mi fún mi. Mo ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣe ìṣírò owó ní Brampton báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ dìfẹ́ńdà ní àárọ̀ Sátidé. Wọn kò fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà. Góòlù ni gbogbo wọn fẹ́ gbá, n kò sì bá wọn jà, torí góòlù náà ló máa mú wọn wọlé.

Bàbá ọmọ kan, ará Òṣogbo, pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n gba òun nímọ̀ràn, ṣé OHL ni àbí kí ọmọ dúró de yunifásítì. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní ọmọ ọdún méje. Mo ní, "Ẹ ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ fún un, ẹ má ra èyí tó tóbi torí pé ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà. Ẹ ra èyí tó kù ní tòkunbọ̀, àyàfi akoto. Akoto ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, ẹ máa rí i lára ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀." Ó dúpẹ́, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, ó dáa, ṣùgbọ́n ti OHL yẹn ńkọ́?